Ẹni Kẹta Nínú Ilé Ìyá Badru

Bí ẹ bá dé agboolé Arówómọ́lẹ̀ nílùú Ìwó, tí ẹ ní ilé Ìyá Badru lẹ̀ ń wá, kò sí ọmọdé tí kò ní mú yín débẹ̀. Wáìfáì ló fà á. Kí wáìfáì tó dé, ta ló ń wo Ṣẹ̀fíátù lẹ́ẹ̀mejì? Opó ni, híjáàbù ló ń rán, ó sì máa ń jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Badrudeen ọmọ rẹ̀ ti ra máìfáì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò tó ọṣẹ ìfọṣọ, tó sì gbé e sójú fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀, àwọn tí kì í kí obìnrin yìí tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n á béèrè àlàáfíà ara, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á yin aṣọ tó wà lórí maṣíìnì. Ìgbà tí wọ́n bá yìn ín tán ni wọ́n á wá rọra béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ aráyé kì í ṣe nǹkan lásán.

Ṣẹ̀fíátù ò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè é ní ahun, ó gbọ́, ó sì ń rán híjáàbù rẹ̀ lọ. Badru ló kìlọ̀ fún un.

Fóònù ni Badru ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà Odò-Ọ̀rì kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Àbíjàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní bó bá dé Àbíjàn, àwọn á jọ gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ìyá rẹ̀ ní òun ò fẹ́. Bàbá Àmúdà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti di olórí ilé, tí wọ́n sì tọ́ Badru láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú, ní ọkùnrin kì í jókòó sójú kan, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ olórí ilé ló borí.

Nígbà tí ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀, Badru jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ILE IYA BADRU, ó sì tẹ páásíwọ́ọ̀dù gígùn kan sínú fóònù ìyá rẹ̀, ti Nusirat àbúrò rẹ̀, àti ti ara rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in.

"Ẹ̀rọ yìí, ńṣe ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru," ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. "Ohùn rẹ̀ ń gba inú ògiri kọjá. Etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ, fóònù ló ń gbọ́ ọ. Fóònù tó bá sì ti wọ ibẹ̀ rí kì í gbàgbé. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà o, Ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, kí n tó kan ilẹ̀kùn, fóònù mi á ti wọlé."

Ó tún fi nọ́ńbà kékeré kan hàn án lójú ẹ̀rọ náà, èyí tó ń sọ iye fóònù tó wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣẹ̀fíátù ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà, nọ́ńbà yìí sì wù ú, nítorí pé ó dà bí ẹni tó ń ka àwọn ará ilé kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Eré kan ló wá ṣe kẹ́yìn. Ó gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀, ó ní kó pe òun bó ṣe máa ń pe òun nígbà tí òun bá wà lórí pápá tí òun ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣẹ̀fíátù rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ń ti òun. Badru bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ohùn yẹn ni Badru fi ṣe ohun tó ń dún nínú fóònù rẹ̀ nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí Wásáàpù. Nígbà tó dé Àbíjàn, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun fi òun ṣẹ̀sín títí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa ń dákẹ́ bí ohùn náà bá ń dún.

Bó ṣe lọ báyìí, nọ́ńbà di méjì.

Ọdún kan ò tíì pé tí Badru fi dákẹ́. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ó pè, ó bá ìyá rẹ̀ yọ̀, ó ní níbi tí àwọn ti ń wa góòlù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá àfi bí èèyàn bá gun orí òkè kan lọ, nítorí náà kí wọ́n má ṣàníyàn bí wọn ò bá gbúròó òun fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ mélòó kan di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ṣẹ̀fíátù kì í tẹ lẹ́tà, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Yóò di fóònù mú lẹ́bàá ẹnu, yóò sọ tẹnu rẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ kó lọ. Ó ń sọ, ó ń sọ, àmì kan ṣoṣo ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó sọ. Kò sí ẹni tó ń lo Wásáàpù tí kò mọ̀ pé bí àmì bá jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ ò tíì dé ọwọ́ ẹni tí a rán an sí.

Nusirat ń ṣiṣẹ́ ní káfè kan tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, òun ló sì ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ibi tí ohùn náà ń gbé. Ó ní kò sọnù. Ó wà nínú ẹ̀rọ àwọn oní-Wásáàpù níbi jíjìn, bí ẹrù tí dẹ́rẹ́bà já sílẹ̀ ní gáréèjì tí ẹni tó ni ín ò tíì wá gbé. Lọ́jọ́ tí fóònù Búọ̀dá òun bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ ni yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti pẹ́ ju oṣù kan lọ, wọ́n á dà á nù. Láti ìgbà náà ni Ṣẹ̀fíátù ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni wọ́n dà nù.

Kí Iléyá tó dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn Iléyá, Bàbá Àmúdà ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n ṣe àdúà fún Badru. Ṣẹ̀fíátù ní àdúà dára, irú èwo ni? Bàbá wo ilẹ̀. Wọ́n ní fídáù. Gbogbo Ìwó ló mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń ṣe fídáù fún. Ṣẹ̀fíátù dìde láì kúnlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ agboolé náà, ó sì jáde. Ta ló rí òkú ọmọ òun? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ta ló kírun sí i lára? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tirẹ̀ wà nílé, wọ́n fẹ́ sin ọmọ tí kò kú. Inú bí i débi pé bó bá ti gbọ́ ikọ́ Bàbá Àmúdà lódìkejì àgbàlá, ńṣe ni yóò máa tẹ maṣíìnì kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ikọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Màgàríbì tán, Nusirat ń bu oúnjẹ, Ṣẹ̀fíátù sì fẹ́ ki máìfáì bọ iná kí ó lè ṣáàjì. Ojú rẹ̀ bá kan nọ́ńbà. Mẹ́ta ni.

Ó wo fóònù ara rẹ̀. Ó wo ti Nusirat. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnìkan níbẹ̀ àfi aṣọ ìkélé tí atẹ́gùn ń gbé. Ó bi Nusirat bóyá ó ti fún ẹnìkan ní páásíwọ́ọ̀dù, Nusirat ní báwo lòun ṣe fẹ́ fún ẹnìkan ní ohun tí òun fúnra òun ò mọ̀ lórí. Kí ó tó dìde wá wò ó, nọ́ńbà ti padà sí méjì, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ojú ló ń ṣe wọ́n, kí wọ́n jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò kan náà, ó tún di mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, Nusirat ò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó ṣí inú ẹ̀rọ náà láti orí fóònù rẹ̀ kí ó lè wo orúkọ àlejò tó wọlé. Ó kà á, ó sì gbé fóònù náà sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Fóònù Búọ̀dá mi ni, Ìyá mi," ó ní. "Orúkọ tó fún un ló wà níbí. Ọmọ Ṣẹ̀fí."

Wọ́n sáré ṣí Wásáàpù. Àmì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ohùn tí Ṣẹ̀fíátù rán láàárín oṣù kan sẹ́yìn ti di méjì méjì. Bí wọ́n sì ti ń wò ó, àmì máìkì tó wà lára èyí tó wà lókè di búlúù. Wọ́n dúró. Nígbà tí ìwọ̀n àkókò tí èèyàn lè fi gbọ́ ọ tán ti kọjá, èyí tó tẹ̀ lé e náà di búlúù. Ẹnìkan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yìí níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi sùúrù gbọ́ ọ, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run.

Báwo ni ohùn máìfáì ṣe lè jìnnà tó? Nusirat ní kò lè kọjá àgbàlá wọn. Bí èèyàn bá ti jáde kúrò ní agboolé, fóònù rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ìyẹn ni pé ibi yòówù tí fóònù yìí bá wà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n jókòó sí. Nusirat gbé fóònù kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ohun tó wà lọ́kàn Ṣẹ̀fíátù kò le láti mọ̀. Ọmọ mélòó ló ti lọ sí Àbíjàn láti Ìwó, láti Ilé-Ogbó, láti Olúpọ̀nnà, tí wọ́n padà dé ní ọwọ́ òfo, tí ojú wá ń tì wọ́n láti gba ẹnu ọ̀nà wọlé? Badru ti dé, ó ń sá pamọ́ ni. Adìyẹ tó sọnù tó wá padà dé ẹ̀bá ọgbà, a kì í sáré sí i. Àgbàdo la máa ń rọra da sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, kò pè é. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó ní, "Badru, mi ò bi ọ́ léèrè góòlù. Ọwọ́ òfo náà, ọwọ́ ọmọ mi ni. Máa bọ̀ nílé."

Ó di búlúù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sí èsì.

Ó wá a. Ó wo ilé adìyẹ, ó wo ẹ̀yìn kànga, ó wo inú ahoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, níbi tí koríko ti bo ògiri. Kò sí yàrá tí kò fi ọgbọ́n yọjú sí ní agboolé náà àfi ti Bàbá Àmúdà, torí kò bá wọn sọ̀rọ̀, àti pé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni bàbá ń lò, èyí tí ọmọ ọmọ wọn ń bá wọn tẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Yóò bu ti Badru sínú àwo, yóò dé e, yóò gbé e sídìí ògiri ahoro. Bílẹ̀ bá mọ́, àwo á ti ṣófo. Gbogbo ilé mọ̀ pé ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fọ àwo náà tọkàntọkàn bí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá jẹun tán.

Morádéyọ̀, ará ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ni Ṣẹ̀fíátù sọ ọ́ fún. Ì bá má sọ ọ́. Ẹnu Morádéyọ̀ ò burú, ṣùgbọ́n kì í lè pa mọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní Kristẹni lòun, òun ò gbà á gbọ́ o, àmọ́ ìyá òun máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà, ẹni tó kú síbìkan tí wọ́n tún ń rí níbòmíràn, tó ń rìn, tó ń jẹun, tí kì í fẹ́ kí ojú òun àti ojú ẹni tó bí i pàdé. Ó ní bí ìyá irú wọn bá pè wọ́n, wọn kì í dáhùn, ńṣe ni wọ́n ń lọ pátápátá. Ṣẹ̀fíátù bú u, ó ní kó gbẹ́nu sóhùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Látọjọ́ náà, ẹ̀rù ló ń bà á láti pè é, kì í ṣe sùúrù mọ́. Bí òun bá pè é tí kò dáhùn ńkọ́?

Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, yóò jókòó ti máìfáì náà bí ẹni tó ń yáná. Méjì, méjì, méjì, títí yóò fi di mẹ́ta. Nígbà náà ni yóò rọra máa wo inú yàrá yíká, yóò wo orí ibùsùn tí Badru máa ń sùn sí, yóò sì kí i. Nusirat bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò nínú yàrá lásìkò náà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun mọ bí wáìfáì ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìmọ̀ yẹn ò sì mú ẹ̀rù náà dín kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àmúdà ránṣẹ́ pé àwọn ti bá àwọn àlùfáà sọ̀rọ̀, ọjọ́ Àìkú ni fídáù. Ṣẹ̀fíátù ò rí oorun sùn. Bí wọ́n bá jókòó ṣàdúà òkú fún ẹni tó wà láàyè, tó sì ń fetí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, ṣé ọmọ náà á tún padà wálé? Àfi kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, kí òun gbé fóònù lọ bá Bàbá Àmúdà, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Bí kò bá sì dáhùn, òun náà á mọ ohun tí òun mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó gbé máìfáì sórí ẹní níwájú rẹ̀. Nusirat jókòó tì í. Ìgbà tí nọ́ńbà di mẹ́ta, Ṣẹ̀fíátù ṣe bísímílà, ó sì tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Fóònù fi hàn án pé ó ń dún lọ́hùn-ún. Kò tíì gbé e dé etí nígbà tó gbọ́ ọ láti inú àgbàlá.

"Badru! Badru ọkọ mi, wá jẹun o, oúnjẹ ń tutù!"

Ohùn ara rẹ̀ ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ó rò pé òun lòun ń sọ ọ́, ohùn náà kò sì dákẹ́. Ohùn obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn ni, ó ń pe ọmọ tó wà lórí pápá, ó ń fi ẹ̀rín pè é. Ṣẹ̀fíátù dìde, ó tẹ̀ lé ara rẹ̀ jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gba àárín àwọn ewúrẹ́, ohùn náà ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ ọn, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Àmúdà, ó sì gbé aṣọ ìkélé sókè.

Bàbá Àmúdà jókòó sórí awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń kírun. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di fóònù Badru mú bí ẹni tí wọ́n gbé iṣu gbígbóná lé lọ́wọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ ẹ̀wù bò ó kó lè dákẹ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Oúnjẹ ń tutù, ni fóònù náà ń wí. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ mi?" Ṣẹ̀fíátù béèrè.

"Èmi ni, Ìyá Badru," ni bàbá wí. "Jókòó."

Bí àgbàlagbà bá ní kí ìyá ọmọ jókòó kí òun tó sọ̀rọ̀, kí ló kù tí kò tíì sọ? Ṣẹ̀fíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàbá ò fi nǹkankan pa mọ́ mọ́. Wọ́n ní ọmọ Olúpọ̀nnà kan, Abdulqowiyy, tí òun àti Badru jọ ń wa góòlù, ló gbé fóònù náà wá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé ẹnìkan á kó fóònù gbogbo àwọn tó wà nínú kòtò sínú àpò, á gun orí òkè lọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè bá wọn, kí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn láti ilé lè wọlé, àwọn tó kù á sì máa gbẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, Abdulqowiyy ló kan. Orí òkè ló wà nígbà tí ilẹ̀ ya lulẹ̀ lé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó sọ fún bàbá pé bí eruku ṣe ń gòkè bọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, tí àwọn fóònù, àfi ti Badru tí bátìrì rẹ̀ ti kú lórí òkè, bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó yìí ń kí ọkọ, ìyá yìí ń kí ọmọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa jẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyẹn fún mọ́. Ó ní ohùn tó wà nínú àpò yẹn ni kì í jẹ́ kí òun sùn.

Nígbà tí Abdulqowiyy dé, ọsibítù ni Ṣẹ̀fíátù wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í já irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọmọ. Àwọn àgbà ló máa gbà á, wọ́n á pa á mọ́, wọ́n á rọra mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Àmúdà gbà á, wọ́n pa á mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ò yọrí. Wọ́n rò pé bí àwọn bá fi fídáù bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà á fi ọgbọ́n gbé e, àfi bó ṣe dìde jáde.

"Fóònù yẹn," ni bàbá wí, "àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ máa wò. Abdulqowiyy kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tàn án, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Síìmù inú rẹ̀ ti kú, mo rò pé kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo ṣe tàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sì fọwọ́ kàn án, ohùn rẹ ló jáde. Èmi ni mo ní kó lọ, Ìyá Badru. Ó dùn mí pé ò ń sọ gbogbo ìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo ní kí n máa bá a gbọ́ ọ."

Bàbá náà ò mọ àmì búlúù. Ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ọ̀nà mọ́sálásí kò lè mọ̀ pé bí òun ṣe ń gbọ́ ọ, ìyá ọmọ ń rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé fóònù tí òun tàn ti mọ ilé, ó sì ti wọlé fúnra rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìfẹ́ náà ló sì ń fún ìyá ọmọ ní ìrètí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ṣẹ̀fíátù ò pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, nígbà tí ilẹ̀ wó lé ọmọ òun, ǹjẹ́ ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀? Bí ẹnìkan bá fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́, a máa ń pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, bóyá yóò gbọ́ kó padà. Bàbá Àmúdà mi orí. Wọ́n ní Abdulqowiyy sáré sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti dí. Wọ́n wá nawọ́ kí wọ́n pa fóònù náà.

"Ẹ má pa á, Bàbá," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "A ò pe ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é."

Ó tún tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ tún kún yàrá náà, Badru ọkọ mi, wá jẹun o. Ó jẹ́ kó dún tán, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ la ẹnu, òun àti ohùn náà jọ ń pè é, títí ohùn inú fóònù fi dákẹ́ tó ku tirẹ̀ nìkan. Àwọn ará agboolé jáde sí àgbàlá. Nusirat ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un.

Wọ́n ṣe fídáù náà lọ́jọ́ Àìkú. Ṣẹ̀fíátù jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń ṣe àmín sí gbogbo àdúà. Bàbá Àmúdà ò lè wo ojú rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù ló dìde lọ kúnlẹ̀ kí wọn kí gbogbo èèyàn tó tú ká. Kò sí òkú láti wẹ̀, kò sí sàréè láti da iyẹ̀pẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n pín sàárà tán, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé fóònù Badru sórí itan. Nọ́ńbà ojú fèrèsé jẹ́ mẹ́ta. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ojú fóònù náà mọ́ tónítóní, ó tẹ̀ ẹ́ bí Nusirat ṣe kọ́ ọ, iná rẹ̀ sì kú.

Nọ́ńbà náà kò tètè yí padà. Máìfáì kì í tètè gbà pé ẹnìkan ti lọ. Ó máa ń dúró díẹ̀ bóyá onítọ̀hún á padà. Ṣẹ̀fíátù dúró tì í. Ó di méjì.

Nusirat bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun yí orúkọ ẹ̀rọ náà padà báyìí, nítorí gbogbo ẹni tó bá wá wáìfáì ní àdúgbò ló ń rí orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lójú fóònù wọn.

"Fi sílẹ̀," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Jẹ́ kó máa pè é."